Bàbà, Irin àti Omi: Láti Abẹ́ Ọkọ̀ Ogun dé Inú Kọ̀ǹpútà

Ẹ̀yin ọmọ mi tẹ́ ẹ wà nídìí kọ̀ǹpútà mọ̀ pé àwọn ẹ̀rọ kan wà tí fáànù nìkan ò lè tù lára. Omi ni wọ́n ń lò fún wọn. Pọ́ǹpù kékeré á máa ti omi gba inú ọ̀pá, omi á gba orí bàbà tó lẹ̀ mọ́ ibi tó ń gbóná, á gbé ooru lọ sí rédíétọ̀, á tún padà wá. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n tí rédíétọ̀ yẹn bá jẹ́ alumíníọ́mù, omi kan náà tó ń tu ẹ̀rọ lára ni yóò máa jẹ alumíníọ́mù títí tó fi máa lu. Àwọn èèyàn rò pé ìṣòro ayé tuntun nìyí. Rárá o. Ó ti lé ní 250 ọdún tí wọ́n ti kọ ọ́ sílẹ̀, ọkọ̀ ogun ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan ló sì kọ́ wọn.

Ní 1761, wọ́n fi bàbà pẹlẹbẹ bo abẹ́ ọkọ̀ kan tó ń jẹ́ HMS Alarm. Igi ni wọ́n fi ń kan ọkọ̀ nígbà yẹn, kòkòrò inú òkun tó ń gbẹ́ pákó sì ń dà wọ́n láàmú gan-an, pàápàá nínú omi ilẹ̀ olóoru. Wọ́n rán ọkọ̀ náà lọ sí àwọn erékùṣù Caribbean. Nígbà tó padà dé, tí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò ní 1763, kòkòrò ò rí pákó rẹ̀ jẹ, àmọ́ ọ̀pọ̀ ìṣó irin tó fara kan bàbà ti dípẹtà débi pé wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Síbẹ̀, àwọn ìṣó kan wà tí nǹkan kan ò ṣe. Kí ló yọ wọ́n? Bébà! Bébà tí wọ́n fi di bàbà náà wá ni àwọn òṣìṣẹ́ ò yọ kúrò láwọn ibì kan. Ibi tí bébà bá ti wà láàárín méjèèjì, irin yè. Mo fẹ́ràn ìtàn yìí púpọ̀, torí pé ọ̀lẹ ló fi ẹ̀rí yìí lé wa lọ́wọ́.

Wọ́n kọ ọ́ sínú ìròyìn pé irin àti bàbà ò gbọdọ̀ fara kanra nínú omi òkun. Ṣé wọ́n gbọ́? Láti 1779, nígbà ogun Amẹ́ríkà, wọ́n sáré fi bàbà bo gbogbo ọkọ̀ ogun wọn, torí ọkọ̀ tí abẹ́ rẹ̀ bá mọ́ a máa yára. Wọ́n fi bébà nínípọn sáàárín lóòótọ́, ṣùgbọ́n omi ráyè wọlé. Kò pẹ́ tí irin gbọọrọ tó di ọkọ̀ mú fi bẹ̀rẹ̀ sí í jẹrà, wọ́n sì ní láti fi bàbà àdàlù rọ́pò wọn. Àwọn oníṣòwò ẹrú Liverpool náà fi bàbà bo abẹ́ ọkọ̀ tí wọ́n ń gbé wá sí etíkun Áfíríkà wá ra èèyàn. Ẹ má jẹ́ ká fo ìyẹn.

Kò tíì sí ẹni tó mọ ìdí rẹ̀ nígbà yẹn. Ní 1800 ni Alessandro Volta, ará Ítálì, kéde pé òun to irin oríṣi méjì léra, òun fi ohun tó rẹ sínú omi oníyọ̀ sáàárín wọn, iná mànàmáná sì ń ṣàn. Ohun tó wà lórí tábìlì Volta náà ló ti wà lábẹ́ HMS Alarm. Nínú irú ìdàpọ̀ bẹ́ẹ̀, ọ̀kan ló máa ń kú fún èkejì: irin ń kú fún bàbà, síǹkì ń kú fún irin, alumíníọ́mù ń kú fún bàbà.

Humphry Davy ló wá yí ọ̀rọ̀ náà po ní 1824. Bàbà abẹ́ ọkọ̀ fúnra rẹ̀ ń jẹrà nínú iyọ̀ òkun, ó sì ní kí wọ́n so síǹkì tàbí irin díẹ̀ mọ́ ọn, kí ìyẹn máa kú dípò rẹ̀. Bàbà sì yè lóòótọ́. Àṣé bàbà tó ń yọ́ díẹ̀díẹ̀ yẹn ni májèlé tó ń lé koríko òkun àti àwọn ẹ̀dá oníkarahun! Bí bàbà ò ṣe yọ́ mọ́, wọ́n hù bo abẹ́ ọkọ̀, ọkọ̀ ò sáré mọ́. Kíá ni ìjọba ní kí wọ́n yọ ọ́. Àwọn kan ń pe ìyẹn ní ìjákulẹ̀, èmi ò gbà. Títí dòní ni wọ́n ń so síǹkì mọ́ ara ọkọ̀ onírin.

Wàhálà méjèèjì yìí ló wà nínú kọ̀ǹpútà olómi. Ẹni tó fẹ́ sùn dáadáa, kó jẹ́ kí gbogbo ohun tí omi máa fara kàn jẹ́ bàbà tàbí ìbátan rẹ̀, kó má fi alumíníọ́mù sí i rárá. Omi tí wọ́n sè, tí wọ́n gba oruku rẹ̀ padà, ò ní iyọ̀ nínú, ó sì sàn ju omi ẹ̀rọ lọ, ṣùgbọ́n bó ṣe ń yí ká ló ń kó nǹkan lára irin, kò sì lè dá dáàbò bo irin oríṣi méjì. Bákan náà ni ti mọ́tò: ẹni tó ń bu omi kànga sínú rédíétọ̀ ń fọwọ́ ara rẹ̀ ba ẹ́ńjìnnì jẹ́. Coolant gidi ní àwọn èròjà tó máa ń bo ojú irin fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, iṣẹ́ bébà HMS Alarm gan-an, ó sì tún ní èyí tí kì í jẹ́ kí ewé hù nínú omi. Àmọ́ àwọn èròjà yẹn máa ń tán. Ẹ wo ara ìgò, wọ́n máa ń kọ ìgbà tó yẹ kẹ́ ẹ dà á nù kẹ́ ẹ sì rọ òmíràn.