Bí Iṣan Bá Ṣòro Rí: Ohun Tó Yẹ Kí Ìdílé Mùsùlùmí Mọ̀ Nípa Fífa Ẹ̀jẹ̀ fún Àyẹ̀wò

Ọ̀rọ̀ kan wà tó máa ń ṣi àwọn ará wa lọ́nà ní ilé ìwòsàn. Òṣìṣẹ́ láàbù á ní, "Ìyá, ẹ gba ààwẹ̀ wá lọ́la o, ṣúgà la fẹ́ yẹ̀ wò." Ìyá tó ti ń gba ààwẹ̀ Rámàdánì láti kékeré kò mọ̀ pé ààwẹ̀ méjì ló wà. Ó jẹun alẹ́ tán, kò sì fi omi kan ẹnu mọ́ títí ilẹ̀ fi mọ́. Nígbà tó dé orí àga láàbù, wọ́n so rọ́bà mọ́ ọn lápá, wọ́n wá iṣan ẹ̀jẹ̀ títí, wọn ò rí i. Wọ́n gún apá ọ̀tún, wọ́n gún apá òsì, wọ́n tún bọ́ sí ẹ̀yìn ọwọ́. Ìyá bá dìde, ó ní òun ò ṣe mọ́, ó di ọdún tó ń bọ̀. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, àtọ̀gbẹ kì í dúró de ọdún tó ń bọ̀.

Ààwẹ̀ láàbù kì í ṣe ìjọsìn. Ohun tí wọ́n ń fẹ́ ni pé kí ẹ má jẹun, kí ẹ má sì mu ohun aládùn fún wákàtí mélòó kan: ó kéré tán wákàtí 8 fún ṣúgà, wákàtí 9 sí 12 fún ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀ bí dókítà bá ní kí ẹ má jẹun nítorí rẹ̀. Tíì, ògì, mílíìkì, ọtí ẹlẹ́rìndòdò àti ṣingọ́ọ̀mù ló ń ba àyẹ̀wò náà jẹ́. Omi lásán kò bà á jẹ́. Omi gan-an ló ń jẹ́ kí iṣan kún, nítorí omi ló pọ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀. Bí omi ara bá dín, iṣan á rọ̀, kò ní ṣeé fọwọ́ bà mọ́. Ẹ mu ife omi méjì láàárín wákàtí kan tàbí méjì kí ẹ tó jókòó, àfi ẹni tí dókítà ti díwọ̀n omi fún nítorí kídìnrín tàbí ọkàn. Bí iyèméjì bá wà, ẹ bi wọ́n kí ẹ tó kúrò níbẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n kọ ìwé fún yín: "Ṣé mo lè mu omi?" Ẹ tún béèrè nípa oògùn àárọ̀, pàápàá ẹni tó ń lo oògùn ṣúgà tàbí abẹ́rẹ́ insulin, nítorí lílò ó láì jẹun lè já ṣúgà ara wálẹ̀ jù.

Ọ̀pọ̀ àyẹ̀wò ni kò tiẹ̀ béèrè ebi rárá. Jẹ́nótáìpù tí wọ́n ń béèrè kí wọ́n tó so yìgì, PCV tí aláboyún ń ṣe, àyẹ̀wò ibà, àti HbA1c tó ń sọ bí ṣúgà ṣe rí fún nǹkan bí oṣù mẹ́ta sẹ́yìn: ẹ lè jẹun kí ẹ tó lọ fún gbogbo wọn. Ẹni tí òòyì tètè máa ń kọ́ kò gbọ́dọ̀ fi inú òfo lọ síbi tí kò pọn dandan.

Bí ó bá bọ́ sí oṣù Rámàdánì

Ìbéèrè tí àwọn ààfáà wa ń gbọ́ jù ni pé ṣé fífa ẹ̀jẹ̀ ń ba ààwẹ̀ jẹ́. Àwọn onímímọ̀ gbé e lé orí ọ̀rọ̀ fífa ẹ̀jẹ̀ kúrò lára, èyí tí Lárúbáwá ń pè ní hijama. Ó wà nínú àkójọ Bukhari, láti ọ̀dọ̀ Ibn Abbas, pé Ànábì (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) ṣe é nígbà tó wà nínú ààwẹ̀. Nítorí náà, ojú ọ̀nà Imaamu Malik, ti Abu Hanifa àti ti Shafi'i sọ pé kì í ba ààwẹ̀ jẹ́. Ojú ọ̀nà Imaamu Ahmad gba hádíìsì mìíràn mú, wọ́n sì ní hijama ń bà á jẹ́. Ṣùgbọ́n nínú àwọn onímímọ̀ tó tẹ̀lé èyí pàápàá, Ibn Baz àti Ibn Uthaymin ti sọ pé ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ tí wọ́n fà fún àyẹ̀wò kò ba ààwẹ̀ jẹ́. Ìgò kékeré kan kì í sábà ju mìlílítà 5 lọ, bẹ́ẹ̀ ẹ̀jẹ̀ tó wà lára àgbàlagbà tó nǹkan bíi lítà 5. Fífún aláìsàn lẹ́jẹ̀ yàtọ̀ sí èyí o. Ìyẹn tó mìlílítà 450 lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ó sì máa ń rẹ ènìyàn. Ẹ jẹ́ kó di ẹ̀yìn ìṣínu, bí kò bá jẹ́ pé ẹ̀mí wà nínú ewu.

Wọ́n bi Anas léèrè bóyá àwọn sàábé kórìíra hijama fún alááwẹ̀. Ìdáhùn rẹ̀ ni pé rárá, àyàfi nítorí àárẹ̀. Àárẹ̀ yìí ló yẹ kí àwa náà wò. Ọwọ́ alááwẹ̀ ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ kì í ṣe ọwọ́ tó dára fún abẹ́rẹ́. Bí àyẹ̀wò bá ṣeé sún síwájú, ẹ ṣe é nínú oṣù Ṣàábáànì. Bí kò bá ṣeé sún, tí kò sì béèrè ebi, ẹ mu omi dáadáa ní sààrì kí ẹ sì lọ ní kùtùkùtù, tàbí kí ẹ lọ lẹ́yìn ìṣínu bí láàbù bá ṣì ṣí. Tó bá jẹ́ ti ṣúgà tó béèrè ebi, ẹni tó parí sààrì ní aago márùn-ún ìdájí ti pé wákàtí 8 ní aago kan ọ̀sán. Àkókò náà pé lóòótọ́, àmọ́ omi kò sí lára, ó sì yẹ kí ẹ sọ èyí fún ẹni tó fẹ́ fa ẹ̀jẹ̀. Ẹni tí àìsàn rẹ̀ le, tí dókítà ní kó má gba ààwẹ̀, Ọlọ́hun ti fún un láyè nínú Suuratul Bákárà, àáyà 184 àti 185. Kò sí ohun tó yẹ kó tijú sí níbẹ̀.

Ní ti àlùwàlá, ojú ọ̀nà Malik tí ọ̀pọ̀ wa ń tẹ̀lé nílẹ̀ Yorùbá, àti ti Shafi'i, kò ka ẹ̀jẹ̀ tó jáde láti apá sí ohun tó ń ba àlùwàlá jẹ́. Ti Abu Hanifa ní bí ó bá ṣàn, kí ènìyàn tún un ṣe.

Lórí àga láàbù

Ooru máa ń jẹ́ kí iṣan ṣí, òtútù sì máa ń jẹ́ kó fún. Bí yàrá bá tutù, ẹ fi aṣọ tí wọ́n rẹ sínú omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ bo apá fún ìṣẹ́jú márùn-ún, tàbí kí ẹ fi omi náà fọ̀ ọ́ dé ìgbọ̀nwọ́ bí ẹni ń ṣe àlùwàlá. Ẹ jẹ́ kí apá rọ̀ sílẹ̀ kí ẹ̀jẹ̀ lè sọ̀ kalẹ̀ sínú rẹ̀. Ẹ má ṣe máa di ẹ̀ṣẹ́ kí ẹ sì máa tú u léraléra. Àwọn kan ń sọ pé ká ṣe bẹ́ẹ̀, àmọ́ ó lè gbé èsì pọtáṣíọ̀mù ga lórí irọ́. Dídì í mú pẹ́lẹ́ lẹ́ẹ̀kan ti tó. Rọ́bà náà kò yẹ kó pẹ́ ju ìṣẹ́jú kan lọ lápá. Bí ó bá pẹ́, kí wọ́n tú u, kí ara sinmi, kí wọ́n tó tún so ó.

Èyí tó ṣe pàtàkì jù ni pé kí ẹ sọ̀rọ̀. Àwa Yorùbá a máa bọ̀wọ̀ fún oníṣègùn débi tí a ó fi dákẹ́ nígbà tó yẹ ká sọ̀rọ̀. Ẹ sọ ọ́ kí abẹ́rẹ́ tó kan yín: "Àǹtí nọ́ọ̀sì, iṣan mi máa ń sá o. Apá òsì yìí ni wọ́n ti rí i nígbà tó kọjá." Ẹni tó ní àrùn fòníkúfọ̀ladìde, tí wọ́n ti gún láìmọye ìgbà, mọ iṣan ara rẹ̀ ju ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rí i lọ; kí wọ́n gbọ́ tirẹ̀. Ẹ lè béèrè abẹ́rẹ́ tín-ín-rín tó ní ìyẹ́ méjì bíi labalábá, èyí tí wọ́n ń lò fún ọmọdé àti fún iṣan ẹ̀yìn ọwọ́. Bí wọ́n bá sì gún yín lẹ́ẹ̀mejì tí kò bọ́ sí i, kì í ṣe àrífín láti sọ pé, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi pe ọ̀gá yín." Ohun tí òṣìṣẹ́ tó mọ iṣẹ́ máa ń ṣe náà nìyẹn láì jẹ́ pé a sọ fún un. Ní ilé ìwòsàn ńlá, wọ́n lè fi ẹ̀rọ sikáànì wá iṣan tó wà nísàlẹ̀.

Obìnrin tí wọ́n ti yọ ọyàn rẹ̀ kan nítorí jẹjẹrẹ, kó sọ fún wọn kí wọ́n lo apá kejì. Ẹni tí wọ́n ti ṣe ojú iṣan sí lápá fún fífọ ẹ̀jẹ̀ nítorí kídìnrín kò gbọ́dọ̀ jẹ́ kí wọ́n fi rọ́bà tàbí abẹ́rẹ́ kan apá náà. Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ràn làálì, ẹ rántí pé làálì dúdú lẹ́yìn ọwọ́ lè bo iṣan mọ́ra. Ní ti híjáàbù, ẹ wọ ẹ̀wù tí apá rẹ̀ fẹ̀ tó ṣeé ká dé òkè ìgbọ̀nwọ́, kò sí ìdí tí ẹ ó fi bọ́ ohunkóhun mìíràn. Ẹ lè béèrè pé kí obìnrin fa ẹ̀jẹ̀ yín. Bí kò bá sí, ìtọ́jú jẹ́ ohun tí ẹ̀sìn fàyè gbà, ìwọ̀n ibi tí wọ́n nílò nìkan ni ẹ ó ṣí.

Bí ó bá jẹ́ dídákú lẹ ń bẹ̀rù, ẹ sọ fún wọn kí ẹ lè dùbúlẹ̀. Ẹ wo ibòmíràn, ẹ máa ṣe ìsìkìrì yín. Nígbà tí ara bá ń gbọ̀n tàbí tí ojú ń ṣú, ẹ fún iṣan ẹsẹ̀ àti ti ikùn le fún bí ìṣẹ́jú-àáyá 10 sí 15, kí ẹ dẹ̀ ẹ́ díẹ̀, kí ẹ tún ṣe é, àmọ́ kí apá tí abẹ́rẹ́ wà rọ̀ sílẹ̀. Èyí ń gbé ẹ̀jẹ̀ lọ sí orí. Ẹ má sì fò dìde lẹ́yìn tí wọ́n bá ṣe tán.

Bí abẹ́rẹ́ bá wọlé tí ìrora bíi ti iná mànàmáná sáré lọ sí ìka, ẹ pariwo sí wọn kí wọ́n yọ ọ́ lójú ẹsẹ̀. Ó ti kan iṣan ìmọ̀lára nìyẹn.

Àwọn ọmọdé

Ẹ̀yin òbí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jáwọ́ nínú "bí o bá yọ mí lẹ́nu, màá ní kí dókítà gún ẹ lábẹ́rẹ́." Ọmọ tí a fi abẹ́rẹ́ dẹ́rù bà nílé kò lè jókòó jẹ́ẹ́ ní láàbù, bí ọmọ bá sì ń jà, iṣan kò ní ṣeé rí. Ẹ má sì parọ́ fún un pé kò ní dùn ún. Ẹ ní, "Á dùn ẹ́ díẹ̀, á tètè parí, èmi náà á dì ẹ́ mú." Kó jókòó lórí itan yín, kí ẹ dì í mọ́ra. Ọmọ ọwọ́ tó ń mu ọmú lọ́wọ́ kì í mọ ìrora náà tó bẹ́ẹ̀. Ìpara kan wà tó ń pa ara kú. Ẹ bi dókítà tàbí oníkẹ́míìsì, kí ẹ sì fi í síbẹ̀ ní nǹkan bíi wákàtí kan ṣáájú.

Nígbà tí abẹ́rẹ́ bá jáde

Ẹ fi òwú tẹ ibẹ̀ dáadáa fún ìṣẹ́jú 3 sí 5, kí apá nà gbọọrọ. Títẹ apá mọ́ra lórí òwú, bí ọ̀pọ̀ wa ti ń ṣe, ló máa ń jẹ́ kí ojú ibẹ̀ dúdú. Ẹni tó ń lo oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, kó tẹ̀ ẹ́ tó ìṣẹ́jú 10. Ẹ má fi apá náà gbé korobá omi lọ́jọ́ náà. Bí ibẹ̀ bá wú, tó gbóná, tàbí tí ibà bá tẹ̀lé e, ẹ padà lọ.

Kí ẹ tó kúrò, ẹ bi ẹni tó rí iṣan náà léèrè apá wo ni, ibo lórí apá náà, àti irú abẹ́rẹ́ tó lò. Ẹ kọ ọ́ sí ẹ̀yìn káàdì ilé ìwòsàn yín, kí ẹni tó bá mú yín lọ nígbà mìíràn, ọmọ ni tàbí aya, lè fi han wọn kí wọ́n tó so rọ́bà.