Orúkọ Yunifásítì àti Ilé Ẹ̀kọ́ Òwò

Ilé là ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Bí àwọn àgbà ti wí nìyẹn. Ṣùgbọ́n nínú ọ̀rọ̀ yíyan yunifásítì fún ọmọ tí ó fẹ́ kọ́ ìmọ̀ òwò, òdìkejì rẹ̀ ni mo ń rí lọ́dọ̀ àwọn òbí ayé òde òní: orúkọ ni wọ́n ń wò, wọn kì í bojú wo inú ilé. Bí a bá bi wọ́n léèrè ibi tí wọ́n fẹ́ kí ọmọ wọn ti gba oyè àkọ́kọ́, Harvard ni, Oxford ni. Bí ó bá sì jẹ́ nílé níbí, Ìbàdàn ni. N kò bá ẹnikẹ́ni jà nítorí pé ó fẹ́ ohun tí ó lókìkí. Ohun tí mo fẹ́ fi hàn ni pé òkìkí ilé-ẹ̀kọ́ kan àti ìtàn ẹ̀kọ́ òwò nínú ilé náà kì í sábà rìn pọ̀. Púpọ̀ nínú àwọn yunifásítì tí orúkọ wọn ń dún jù lọ ni kò fún òwò ní ìjókòó fún ìgbà pípẹ́; àwọn mìíràn kò sì fún un ní ìjókòó láàrin àwọn akẹ́kọ̀ọ́ oyè àkọ́kọ́ títí di òní.

Kò yẹ kí èyí yà wá lẹ́nu. Láyé àtijọ́, ẹnikẹ́ni kì í lọ sí yunifásítì nítorí pé ó fẹ́ ṣòwò. Ní ilẹ̀ Yorùbá, ọjà ni ilé-ẹ̀kọ́ rẹ̀. Ẹ̀yìn ìyá rẹ̀ ni ọmọ alájàpá ti ń kọ́ bí a ti ń dá iye lé ọjà àti bí a ti ń ya èrè sọ́tọ̀ kúrò lára owó tí a fi ṣòwò. Òṣómàáló ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà, tí ń ru aṣọ láti ìlú dé ìlú, tí ń tà á láwìn, tí yóò sì lóṣòó sí ẹnu ọ̀nà ajigbèsè títí onítọ̀hún yóò fi sanwó, mọ ètò àwìn ju ọ̀pọ̀ ẹni tí ó ní ìwé ẹ̀rí lọ. Ọ̀dọ̀ ọ̀gá rẹ̀ ni ó sì ti kọ́ ọ. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì pẹ̀lú, ọmọ tí yóò ṣòwò a máa lọ kọ́ṣẹ́ ní ọ́fíìsì oníṣòwò. Oxford àti Cambridge wà fún ẹni tí yóò di àlùfáà, agbẹjọ́rò tàbí aláṣẹ ìjọba, èdè Gíríìkì àti Látìnì sì ni a fi ń dá ọ̀mọ̀wé mọ̀.

Ìlú Paris ti ní ilé-ẹ̀kọ́ òwò láti 1819, ṣùgbọ́n kì í ṣe abẹ́ yunifásítì ni ó wà. Amẹ́ríkà ni ọ̀rọ̀ náà ti yí padà. Ní 1881, Joseph Wharton, ọmọ ìjọ Quaker ní Philadelphia, tí irin àti nickel ti sọ di olówó, fi 100,000 dọ́là lé Yunifásítì Pennsylvania lọ́wọ́ kí wọ́n fi dá ilé-ẹ̀kọ́ ètò ìnáwó àti ọrọ̀-ajé sílẹ̀. Ọ̀dọ̀ àwọn oníṣòwò ni òun fúnra rẹ̀ ti kọ́ bí a ti ń kọ ìwé owó nígbà èwe rẹ̀; ó sì ti rí i pé irú ẹ̀kọ́ṣẹ́ bẹ́ẹ̀ kò tó mọ́ fún àwọn iṣẹ́ ńláńlá ayé ìgbà náà. Ohun tí ó jẹ mọ́ ọ̀rọ̀ wa jù lọ ni pé àwọn ọ̀dọ́ tí ń wá oyè àkọ́kọ́ ni ó dá a sílẹ̀ fún. Oyè gíga tí a ń pè ní MBA kò dé ibẹ̀ títí di 1921. Ní 1898, Yunifásítì California tí ó wà ní Berkeley dá tirẹ̀ sílẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí Harvard dá tirẹ̀ sílẹ̀ ní 1908, ọ̀nà mìíràn ni ó gbà: oyè rẹ̀ wà fún ẹni tí ó ti gba oyè àkọ́kọ́ tẹ́lẹ̀. Ọmọ ọdún 18 tí ó bá wọ Harvard lónìí lè kọ́ ìmọ̀ ètò ọrọ̀-ajé ní àkọ́yanjú. Oyè àkọ́kọ́ nínú ìmọ̀ òwò kò sí níbẹ̀ fún un. Mo ti bá bàbá kan pàdé tí ó fẹ́ ta ilẹ̀ ìdílé kí ó lè ra ohun tí ilé-ẹ̀kọ́ náà kì í tà.

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Birmingham, ìlú àwọn oníṣẹ́ irin, ni ó ṣíwájú: ní 1902 ni ẹ̀ka ìmọ̀ òwò bẹ̀rẹ̀ ní yunifásítì rẹ̀ lábẹ́ Ọ̀jọ̀gbọ́n William Ashley. Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kìíní ni Yunifásítì London náà bẹ̀rẹ̀ sí í fúnni ní B.Com. Oxford ńkọ́? Ó di 1990 kí ó tó dá ilé-ẹ̀kọ́ ìṣàkóso òwò sílẹ̀, ọdún kan náà tí Cambridge dá tirẹ̀. Nígbà tí Wafic Saïd sì fẹ́ fi 20 mílíọ̀nù pọ́n-ùn kọ́ ilé fún un ní 1996, àwọn olùkọ́ Oxford kọ́kọ́ dìbò tako ibi tí a fẹ́ kọ́ ọ sí. Wọ́n ní ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ni. Èmi kò gbà pé ọ̀rọ̀ ilẹ̀ nìkan ni.

B.Com. ti London yẹn ni ó mú ìtàn yìí kan àwa Yorùbá. Yunifásítì London ní ètò kan tí ó jẹ́ kí ẹni tí kò fi ẹsẹ̀ tẹ ìlú náà rí lè kàwé ní ilé ara rẹ̀, kí ó ṣe ìdánwò, kí ó sì gba oyè. Ọ̀nà yìí ni Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ gbà. Ó ti ra irè oko, ó ti fi ọkọ̀ akẹ́rù ṣòwò, gbèsè sì ti wọ̀ ọ́ lọ́rùn rí. Ìbàdàn ni ó jókòó sí tí ó ń ka ìwé náà mọ́ iṣẹ́ òòjọ́ rẹ̀, tí ó fi gba B.Com. ní 1944, kí ó tó wọkọ̀ òkun lọ kọ́ ìmọ̀ òfin ní London lọ́dún kan náà. Orúkọ ńlá ni London lóòótọ́. Ṣùgbọ́n lójú tèmi, ohun tí ó ṣe pàtàkì fún Awólọ́wọ̀ ni pé ilé náà ní ìlẹ̀kùn tí ẹni tí ń ṣòwò lọ́wọ́ lè gbà wọlé. Ọ̀nà ti Akíntọ́lá Williams yàtọ̀ díẹ̀. Èkó ni a bí i sí ní 1919. Ó kọ́ ìmọ̀ òwò ní Kọ́lẹ́ẹ̀jì Gíga Yábàá, owó ìrànwọ́ ilé-iṣẹ́ UAC ni ó sì fi kà á. Ó lọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1944, ó gba B.Com. London ní 1946, ó di oníṣirò owó tí a fi àṣẹ sí ní 1949, ó sì ṣí ilé-iṣẹ́ tirẹ̀ ní Èkó ní 1952. Òun ni ààrẹ àkọ́kọ́ fún ICAN, ẹgbẹ́ àwọn oníṣirò owó ilẹ̀ wa, ní 1965. Ó lo ọdún 104 láyé kí ó tó fi ilẹ̀ bora ní 2023.

Nígbà tí a dá Kọ́lẹ́ẹ̀jì Yunifásítì Ìbàdàn sílẹ̀ ní 1948, abẹ́ London ni ó wà, oyè London ni ó sì ń fúnni. Síbẹ̀, B.Com. kò sí lára ogún tí ìyá fún ọmọ. Èdè àti ìtàn, sáyẹ́nsì, ìṣègùn ni a fi bẹ̀rẹ̀. Ojú Oxford àti Cambridge ni wọ́n fi wo òwò, bí ẹni pé ọmọ ọjà kò yẹ ní ààfin. Nsukka, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 1960 pẹ̀lú ìrànlọ́wọ́ àwọn ará Michigan, kò tijú òwò rárá. Ní ọdún yẹn náà ni Ìgbìmọ̀ Ashby dábàá pé kí a dá yunifásítì kan sílẹ̀ ní Èkó, tí ìmọ̀ òwò yóò jẹ́ pàtàkì nínú iṣẹ́ rẹ̀, tí yóò sì máa kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ lálẹ́. Yunifásítì Èkó ṣílẹ̀kùn ní 1962. Ìmọ̀ òwò, òfin àti ìṣègùn ni a fi dá a sílẹ̀. Ifẹ̀ fi ìmọ̀ òwò sí abẹ́ ẹ̀ka ètò ìṣàkóso. Nítorí náà, bí a bá ń ka àkọ́bí nínú ẹ̀kọ́ òwò ní yunifásítì ilẹ̀ Yorùbá, Èkó ni ó yẹ kí a kọ́kọ́ dárúkọ, kì í ṣe Ìbàdàn, bí ó ti wù kí orúkọ Ìbàdàn dùn létí tó.

Ọmọbìnrin ìbátan mi kan rí ààyè láti kọ́ ìmọ̀ ìṣirò owó ní ilé-ẹ̀kọ́ kan tí kò lókìkí púpọ̀. Bàbá rẹ̀ kọ̀. Ó ní orúkọ ibẹ̀ kò ṣeé pè láàrin ẹgbẹ́. Wọ́n gbé e lọ sí ibi tí orúkọ wà, ẹ̀kọ́ mìíràn ni wọ́n sì fún un níbẹ̀. Ó lo ọdún mẹ́rin lórí ohun tí kò fẹ́, lẹ́yìn náà ni ó wá bẹ̀rẹ̀ ìdánwò àwọn oníṣirò owó láti ìsàlẹ̀ pátápátá, nígbà tí àwọn tí ó gba oyè nínú ìmọ̀ náà ń gba ìyọ̀ǹda láti fo apá kan nínú rẹ̀.

Bàbá tí ó fẹ́ ta ilẹ̀ tún padà wá bá mi. Mo bi í bóyá ọmọ rẹ̀ fẹ́ kọ́ òwò gan-an tàbí ètò ọrọ̀-ajé, bóyá ó mọ ẹni tí yóò kọ́ ọ, bóyá ICAN fi ọwọ́ sí ẹ̀ka náà, àti ta ni yóò san owó ọdún kejì bí owó ilẹ̀ bá tán ní ọdún kìíní. Ó dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Nígbà tí oṣù mìíràn lé, ó mú orúkọ ilé-ẹ̀kọ́ mẹ́rin wá lórí ìwé. Harvard kò sí níbẹ̀. Èkó ni ó kọ sókè.