Dídá Omi Padà Sínú Ilẹ̀ ní Johannesburg: Òkúta Ló Ń Yan Ọ̀nà

Wúrà ló kó èèyàn jọ sí Johannesburg ní 1886, kì í ṣe omi. Ìlú náà kò bá odò ńlá kankan ṣe aládùúgbò. Odò Vaal ni iléeṣẹ́ omi Rand Water ti ń fa omi wá fún un, omi òkè Lesotho sì dara pọ̀ mọ́ ọn ní 1998. Ìlú tó ń mu omi ọ̀nà jíjìn báyìí kò gbọdọ̀ fojú kéré ilẹ̀ tó tẹ̀ mọ́lẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ibi ìpamọ́ omi. Ètò tí ìjọba gbé jáde ní 2007 lórí dídá omi padà sábẹ́ ilẹ̀ bá ìrònú yìí mu. Ṣùgbọ́n irú òkúta tó wà nísàlẹ̀ ló yẹ kó sọ ọ̀nà tí a ó gbà.

Atlantis, nítòsí Cape Town, ni gbogbo èèyàn máa ń tọ́ka sí gẹ́gẹ́ bí àpẹẹrẹ. Láti 1979 ni wọ́n ti ń darí omi òjò àti omi ìdọ̀tí tí a ti tọ́jú sínú adágún níbẹ̀. Iyanrìn á sẹ́ ẹ bó ṣe ń rìn lọ sísàlẹ̀, kànga á sì fà á padà. Omi iléeṣẹ́ tí kò dára tó bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń dà sí apá etíkun, kó lè dènà omi òkun. Ọgbọ́n ńlá ni, àmọ́ ọgbọ́n ilẹ̀ oníyanrìn ni.

Dólómáìtì ló wà ní gúúsù àti ìwọ̀ oòrùn Johannesburg: òkúta tí omi òjò ti ń jẹ díẹ̀díẹ̀ títí ó fi di oníhò, tí erùpẹ̀ sì bo ihò náà lójú. Nígbà tí àwọn awakùsà fa omi inú rẹ̀ gbẹ kí wọ́n lè rí wúrà wà, ilẹ̀ la ẹnu ní ibi ìwakùsà West Driefontein ní oṣù Kejìlá 1962, ó gbé ilé ìfọ́kùúta kan mì pẹ̀lú èèyàn 29. Omi tó ń jò láti òkè náà ń ṣe irú iṣẹ́ ibi yìí, nítorí ó ń fọ erùpẹ̀ lọ sínú ihò. Nítorí náà, ẹni tó bá gbẹ́ adágún bíi ti Atlantis sórí dólómáìtì ń gbẹ́ kòtò fún ara rẹ̀. Kànga jíjìn tí a fi páìpù dí títí kọjá erùpẹ̀ ló bá dólómáìtì mu, bí wọ́n ṣe ń fi kànga darí omi mímọ́ sínú òkúta ní Windhoek.

Àwọn kan á ní ìwakùsà ti ba omi abẹ́ ilẹ̀ jẹ́ ná, wọn kò sì purọ́: ní 2002 ni omi kíkan bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàn jáde láti inú ihò kùsà lápá Krugersdorp. Síbẹ̀, àwọn ògiri òkúta líle pín dólómáìtì sí yàrá yàrá. Yàrá tí ìbàjẹ́ kò dé ni kí a yàn. Àwọn mìíràn á ní kí a kọ́kọ́ tún páìpù tó ń jò ṣe. Òótọ́ ni, kò sì tako ohun tí mo ń wí: lórí dólómáìtì, páìpù tó ń jò kì í fi omi ṣòfò nìkan, ó ń gbẹ́ ilẹ̀ nísàlẹ̀ ilé. Kí a dí èyí tó ń jò lókè, kí a tó bu omi sísàlẹ̀.