Ẹja Mẹ́ẹ̀ẹ́dógún Tí Wọ́n Ta Àrẹ̀mọ Lọ́rẹ

Ẹja kékeré kan ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ lónìí, kì í sábà ju àtẹ́lẹwọ́ lọ. Bluegill ni wọ́n ń pè é, inú omi dídùn ilẹ̀ Amẹ́ríkà ló ti wá.

Lọ́dún 1960, Akihito, Àrẹ̀mọ ọba Japan nígbà náà, dé ìlú Chicago. Richard J. Daley, olórí ìlú náà, ta á lọ́rẹ. Ẹ lè rò pé góòlù ni. Ẹja láàyè ni o! Ẹ̀bùn náà sì yẹ ẹni tí wọ́n fún, torí Akihito fúnra rẹ̀ onímọ̀ nípa ẹja ni. Nígbà tó délé, ó kó wọn fún iléeṣẹ́ ìjọba tó ń ṣèwádìí ẹja. Èrò wọn ni pé kí wọ́n sìn ín fún jíjẹ.

Ẹja náà ò di oúnjẹ gidi. Ó bọ́ sínú adágún kan, ó bọ́ sí òmíràn, títí ó fi gba inú Biwa, adágún tó tóbi jù ní Japan. Ẹyin àti ọmọ ẹja ìbílẹ̀ ló ń jẹ níbẹ̀. Nígbà tí àwọn onímọ̀ yẹ DNA wọn wò, wọ́n rí i pé ẹja 15 péré ni gbogbo bluegill Japan ti ṣẹ̀ wá. Chicago gan-an kọ́ ni wọ́n ti mú wọn, Guttenberg ni, ní ìpínlẹ̀ Iowa, nínú odò Mississippi.

Lọ́dún 2007, Akihito ti gorí ìtẹ́. Ó dìde níwájú èrò ní ìpínlẹ̀ Shiga, níbi tí adágún Biwa wà, ó ní òun lòun gbé ẹja yìí wá, ó sì dun òun gan-an pé ibi tó já sí nìyí. Ọba mélòó lẹ gbọ́ tó sọ bẹ́ẹ̀ rí? Èmi ò tíì gbọ́ púpọ̀.

Láti 2003 ni òfin Shiga ti sọ pé ẹni tó bá fi ìwọ̀ mú bluegill ò gbọ́dọ̀ dá a padà sómi. Wọ́n gbé àpótí sétí adágún tí ẹ ó jù ú sí. Torí náà, ó yẹ kí apẹja dá a mọ̀. Ẹ wo awẹ́ kékeré tó dà bí etí lẹ́yìn ojú rẹ̀: dúdú ni látòkè délẹ̀. Ìbátan rẹ̀ kan wà tó ń jẹ́ pumpkinseed, tiyẹn ní àmì pupa létí awẹ́ náà. Ẹ tún wo ìsàlẹ̀ lẹbẹ ẹ̀yìn bluegill, ní apá ìrù, ẹ máa rí àmì dúdú kan. Ẹnu rẹ̀ kéré, ìwọ̀ ńlá ò lè wọ̀ ọ́. Ìwọ̀ tín-ín-rín pẹ̀lú ekòló díẹ̀ ti tó. Tó bá di àsìkò ẹyin, akọ á gbẹ́ ihò bí àwo sí ibi tí omi ò ti jìn, á máa ṣọ́ ọ, á sì máa lé ohunkóhun tó bá sún mọ́ ọn. Ibẹ̀ ló rọrùn jù láti mú un.

Ó ku nǹkan kan tó ń pa mí lẹ́rìn-ín. Lọ́dún 1965, Akihito yìí kan náà fi ẹja 50 ránṣẹ́ sí ọba Thailand. Ẹja ẹ̀pìà ni, irú ti Odò Náílì. Ìyẹn yè, ó bí sí i, wọ́n sì ń jẹ ẹ́ káàkiri Thailand títí dòní. Pla nin ni wọ́n ń pè é.