Láti múrì dé ₦1,000: ṣé owó ńlá ló ń mú ọjà wọ́n?

(Ọ̀rọ̀ ohùn ádímìn, a kọ ọ́ sílẹ̀ fún àwọn tí dátà wọn ò tó.)

Ádímìn yín ló ń sọ̀rọ̀ láti Bukuru. Wọ́n bi mí léèrè pé, bí ìjọba bá tẹ ₦5,000 jáde, ṣé ọjà ò ní wọ́n sí i báyìí? Ẹ jẹ́ ká wẹ̀yìn wò.

Nígbà tí náírà dé ní 1973, ₦10 ló tóbi jù. Ní 1977 ni ₦20 jáde. Àwòrán Murtala Muhammed ló wà lára rẹ̀, òun la fi ń pè é ní múrì. Nígbà náà, múrì kan ju 30 dọ́là lọ! Ó gba ọdún mẹ́rìnlá kí ₦50 tó dé ní 1991. Lẹ́yìn ìyẹn, eré ló kù: ₦100 ní 1999, ₦200 ní 2000, ₦500 ní 2001, ₦1,000 ní 2005.

₦1,000 tí 2005 yẹn ju dọ́là méje lọ. Lónìí, kò tó dọ́là kan.

Ní 2012, Sanusi tó jẹ́ gómìnà Bánkì Àpapọ̀ fẹ́ tẹ ₦5,000. Aráàlú pariwo, Ààrẹ Jonathan dá a dúró. Láti ìgbà náà, owó tó ju ₦1,000 lọ ò jáde. Ṣé ọjà wá dúró? Ní December 2024, ìjọba fúnra rẹ̀ ní ọjà ti fi ju 34 nínú 100 lọ gbówó lórí láàárín ọdún kan. Ẹ ò rí i pé owó ńlá kọ́ ló ń fà á. Ẹ̀yìn ọ̀wọ́n ọjà ló ń tọ̀. Ohun tó ń fà á ni kí ìjọba máa ná ju èyí tó ń wọlé lọ, kí Bánkì Àpapọ̀ máa yá a lówó, kí náírà sì máa já wálẹ̀ lójú dọ́là.

Ó kàn wá nínú àjọ wa yìí. Ẹni tó kó o ní January àti ẹni tó kó o ní December, iye kan náà ni wọ́n kà, àmọ́ àpò áírìṣì tí wọ́n rí rà ò dọ́gba. Ẹni ìkẹyìn ló ń jẹ gbèsè tí ò jẹ. Àbá mi ni pé ká máa fi iye àpò kan ṣe òṣùwọ̀n: bí àpò bá gòkè, kí owó àjọ náà gòkè. Ẹ sọ èrò yín kó tó di Sunday.

Ọjà á tà o.