Ìpòórá àti Ìparadà: Ìtàn Ìwádìí Néútírínò Pẹ̀lú Ẹ̀rọ Amúyára

Ohun tí a fẹ́ yẹ̀ wò nínú iṣẹ́ yìí ni bí àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ṣe fi ẹ̀rọ amúyára, ìyẹn ẹ̀rọ tí ń mú èérún kíkíní sáré gidigidi, fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé néútírínò a máa paradà. A gbé e wá síwájú olùkọ́ Yorùbá nítorí pé ọ̀rọ̀ méjì tí ó yẹ kí a yà sọ́tọ̀, 'pòórá' àti 'paradà', ni ìtàn náà rọ̀ mọ́.

Wolfgang Pauli ni ó kọ́kọ́ dábàá ní 1930 pé èérún bẹ́ẹ̀ wà. Oríṣi mẹ́ta ni a mọ̀: ti ẹ̀lẹ́ktírọ́ọ̀nù, ti múọ́ọ̀nù àti ti táù. Ní 1962, Lederman, Schwartz àti Steinberger lo ẹ̀rọ amúyára ní Brookhaven, ní Amẹ́ríkà, láti fi hàn pé ti múọ́ọ̀nù yàtọ̀ sí ti ẹ̀lẹ́ktírọ́ọ̀nù. Ṣáájú èyí, ní 1957, Bruno Pontecorvo ti sọ pé néútírínò lè máa ti ipò kan bọ́ sí òmíràn.

Ní 1998, àgbá omi ńlá Super-Kamiokande, tí ó wà lábẹ́ òkè ní Japan, fi hàn pé néútírínò múọ́ọ̀nù tí ń ti òfuurufú wá dín sí iye tí ó yẹ. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó ni òfuurufú ní ìkáwọ́. Ibi tí ẹ̀rọ amúyára ti wúlò nìyí: ènìyàn fúnra rẹ̀ ni ó ń rán néútírínò lọ, a ó kà á nítòsí, a ó sì tún un kà lọ́nà jíjìn. Láti 1999 sí 2004, iṣẹ́ K2K rán an láti Tsukuba dé inú àgbá yìí, 250 kìlómítà. Bí kò bá sí ìyípadà, nǹkan bíi 158 ni wọn ìbá rí. 112 ni wọ́n rí. Ní Amẹ́ríkà, MINOS, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 2005, rí àdínkù bẹ́ẹ̀ ní 735 kìlómítà.

Síbẹ̀, ìpòórá ni èyí. Bí ọdẹ mẹ́wàá bá wọ igbó, tí méje jáde, a kò tí ì lè sọ pé mẹ́ta yòókù di ẹranko. A ní láti rí ẹranko náà. Èyí ni T2K ṣe, láti Tokai dé inú àgbá kan náà, 295 kìlómítà. Ìmìtìtì ilẹ̀ dá ẹ̀rọ wọn dúró ní oṣù kẹta 2011, ṣùgbọ́n nínú ohun tí wọ́n ti kó jọ, wọ́n rí néútírínò ẹ̀lẹ́ktírọ́ọ̀nù mẹ́fà níbi tí ọ̀kan tàbí méjì ti yẹ. Nígbà tí ó fi di 2013, wọ́n ti rí 28, iyèméjì tán. Ní Ítálì, OPERA rí néútírínò táù márùn-ún nígbà tí ó fi di 2015, láti inú èyí tí a rán láti CERN.

Ní ìkádìí, 'ìparadà' ni a rò pé ó bá iṣẹ́ yìí mu jù, nítorí ohun tí ó paradà lè padà sí ipò rẹ̀, bẹ́ẹ̀ gan-an sì ni néútírínò ń ṣe. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá kọ 'pòórá' kò purọ́. Ìdajì ìtàn ni ó sọ.