Igi Kan Kì í Dá Igbó Ṣe

Bí ìrókò ga tó ga, òun nìkan kọ́ ni igbó. Ìtumọ̀ òwe náà kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Mo mú un wá nítorí ọ̀dọ́ tó bá fẹ́ dá nẹ́tíwọ́ọ̀kì ìdánwò blockchain sílẹ̀ ní agbègbè wa.

Ọ̀pọ̀ ló gbà pé ibi tí a ti ń ṣa owó ọ̀fẹ́ ni irú nẹ́tíwọ́ọ̀kì bẹ́ẹ̀. Bẹ́ẹ̀ kọ́. Owó ibẹ̀ kò gbọdọ̀ níye lórí rárá. Bó bá ti di ọjà, ọwọ́ àwọn tó fẹ́ fi ṣiṣẹ́ kì í tó o mọ́. Ohun tó bá Goerli, nẹ́tíwọ́ọ̀kì ìdánwò Ethereum, fínra nìyẹn: ní 2023, owó gidi làwọn kan fi ń ra owó ìdánwò rẹ̀.

Ìyàtọ̀ tó jẹ mí lógún jù ni èyí tó wà láàárín dídán ètò wò àti dídán ìfohùnṣọ̀kan àwọn kọ̀ǹpútà wò. Kọ̀ǹpútà kan tó fún ti àkọ́kọ́: ẹ kọ fáìlì ìpìlẹ̀ṣẹ̀, ẹ fún nẹ́tíwọ́ọ̀kì ní nọ́ńbà tí òmíràn kò ní, ẹ pín owó ìdánwò sínú àkáǹtì díẹ̀, iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀. Ti ìfohùnṣọ̀kan kò rí bẹ́ẹ̀. Àwọn kan ní kọ̀ǹpútà mẹ́ta ti tó, torí méjì á borí ọ̀kan. Kò tó. Ẹ gbé ọ̀kan sí Àgọ́-Ìwòyè, ọ̀kan sí Ìjẹ̀bú-Igbó, ọ̀kan sí Abigi ní Ogun Waterside. Bí ti Ìjẹ̀bú-Igbó bá ń purọ́, ó lè sọ ọ̀tọ̀ fún Àgọ́-Ìwòyè, kó sọ ọ̀tọ̀ fún Abigi. Méjì ti fohùn ṣọ̀kan lápá kìíní, méjì lápá kejì, ìwé ìṣirò ti pín sí méjì. Bí a bá sì ní dandan ni kí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta fohùn sí i, ọjọ́ tí iná bá lọ ní Abigi, iṣẹ́ dúró. Ẹ wá fi ìkẹrin sí Òru, kí ẹ béèrè ohùn mẹ́ta. Ọ̀nà yòówù kí ẹ gbà yan mẹ́ta lẹ́ẹ̀mejì nínú mẹ́rin, ó kéré tán méjì yóò wà nínú ìyàn méjèèjì. Bó bá jẹ́ òpùrọ́ kan ṣoṣo ló wà, ọ̀kan nínú méjì yìí á jẹ́ olóòótọ́, olóòótọ́ kì í sì í sọ ọ̀rọ̀ méjì. Ìdí nìyí tí ètò ìfohùnṣọ̀kan bíi QBFT fi ń béèrè mẹ́rin kó tó lè fara da aláìṣòótọ́ kan, méje fún méjì.

Ká padà sórí òwe: iye igi nìkan kọ́ ló ń jẹ́ igbó. Ní 24 Oṣù Kejì 2025, nígbà tí àtúnṣe Ethereum tí wọ́n pè ní Pectra dé orí Holesky, nẹ́tíwọ́ọ̀kì ìdánwò Ethereum mìíràn, àdírẹ́sì tí kò tọ́ ló wà nínú ètò Geth, Nethermind àti Besu. Àwọn ló pọ̀ jù lórí rẹ̀, nítorí náà ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà fohùn ṣọ̀kan lórí àṣìṣe. Ibi ìdánwò ló ti hàn, wọ́n sì tún un ṣe kí Pectra tó wọ Ethereum gan-an ní 7 Oṣù Karùn-ún.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Olabisi Onabanjo, ẹ má fi ètò kan náà sórí kọ̀ǹpútà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ẹ sì mọ̀ọ́mọ̀ pa ọ̀kan wò kí ẹ tó gba owó ẹnikẹ́ni.